Ohun tí Ọláwùmí Ń Ṣe Lẹ́yìn Ilé Ìwé

                                                  Ilé Bàbá Bíríkìlà,
                                                  Igbó-Elérin,
                                                  Okokomaiko, Òjó,
                                                  Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                                  Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Ṣọlágbadé, ọ̀rẹ́ mi, àna mi,

O kú ọdún, o kú ìyèdún. O kú ọyẹ́ tó ń bẹ́ni létè. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn tó wà nílé àti àwọn tó wà lẹ́yìn odi? Orúnkún rẹ tí kì í jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn mọ́ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò tó rọ̀ ní Ayétòrò ní oṣù kẹwàá wó ògiri ẹ̀yìnkùlé yín. Bí ẹ bá fẹ́ tún un mọ, má ṣe gbé e fún àwọn bíríkìlà ìsinsìnyí láìdúró tì wọ́n. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n bá sọ fún ọ pé àwọn ti pò mọ́ iyanrìn, ìdajì rẹ̀ ti wà nílé wọn.

Ní tèmi, mo wà. Ojú mi ọ̀tún kò ríran dáadáa mọ́, ẹ̀yìn sì ń dùn mí láàárọ̀. Ilé dákẹ́. Láti ìgbà tí a ti sin àbúrò rẹ, Adéníkẹ́, mi ò fẹ́ kí ènìyàn máa wá kí mi, àwọn ènìyàn náà kò sì wá, ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Dorcas ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Obìnrin Èkìtì ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Ìbà ló ń gbé. Mi ò jẹ́ kí Ọláwùmí ọmọ ọmọ wa kọ ọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn án. Bí Tíṣà bá kọ ojú ìwé kan tán, mo ń ní kó kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì, kí n lè mọ̀ bóyá ó ti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i. Ó ti bínú lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kó máa bínú lọ, kó ṣáà máa kà á. Ẹni tí kò mọ̀wé, etí rẹ̀ ni ojú rẹ̀.

Kí n tó sọ ohun mìíràn, mo ní ìbéèrè kan fún ọ. Fọ́tò tí Adéníkẹ́ yà nígbà ọmọge, èyí tó fi dirun ṣùkú, tó fọwọ́ lé ẹ̀yìn àga, ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ló wà. Nígbà tí Ọláwùmí pè ọ́ lórí fóònù ní oṣù kọkànlá, tó ní kí o fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí òun, kí ló sọ fún ọ pé òun fẹ́ fi ṣe? Ó ní òun kò sọ nǹkan kan fún ọ, pé ìwọ náà kò sì bi òun. Mo fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu tìrẹ. Odidi ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi rò pé ẹ jọ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ni. Mi ò sì tíì bẹ̀ ọ́, torí mi ò tíì gbọ́ èsì rẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. O mọ Ọláwùmí, ọmọ Oyèbámijí. Láti ìgbà tí ọmọ mi yẹn ti kú, tí ìyá ọmọ sì ti lọ fẹ́ ọkọ mìíràn ní Kútọnu, ọ̀dọ̀ wa ló wà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó parí ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́dún tó kọjá, èsì ìdánwò rẹ̀ sì dára. Ó ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà ni òun fẹ́ lọ, pé àwọn kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ ọmọ aláìní lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n á fún un ní ilé àti oúnjẹ. Mo ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹni tó bá pè ọ́ wá jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, kọ́kọ́ yọjú wo ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ìṣe rẹ̀ yí padà. Bó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí mo bá yọ, ohùn rẹ̀ á di wúyẹ́wúyẹ́. Ó bi mí ní oríkì ìyá rẹ̀ àgbà. Ó bi mí ní ọdún tí wọ́n bí i. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi oríkì òkú ṣe, ó ní kò sí. Lọ́jọ́ kejì, mo ṣí àpótí Adéníkẹ́, mi ò rí gèlè aláwọ̀ àyìnrín tó fẹ́ràn. Ìwọ náà ń gbọ́ rédíò. O mọ ohun tí wọ́n ń sọ pé àwọn ọmọ yàhúù ń fi aṣọ obìnrin àti orúkọ òkú ṣe láyé òde òní. Mo kó aṣọ tó kù, mo kó kóòmù rẹ̀ mọ́ ọn, mo ti àpótí náà, mo sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Mi ò bi ọmọ náà ní nǹkan kan mọ́. Mo kàn ń ṣọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Sátidé kan láàárín oṣù kejìlá, mo lọ wo ògiri ẹnì kan ní Ajangbadi. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo rí èrò ní pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ àwọn káfíńtà ní àdúgbò wa. Wọ́n so bánà ńlá kan mọ́ òpó méjì. Mo gbójú sókè, Adéníkẹ́ ló ń wò mí. Kì í ṣe Adéníkẹ́ tí a sin, ọmọge tó dirun ṣùkú ni. Ó lé lógójì ọdún tí mo ti rí ojú yẹn gbẹ̀yìn. Ìwé wà lókè orí rẹ̀, ìwé wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, mi ò sì lè ka ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Ọláwùmí wà níbẹ̀. Gèlè tí mò ń wá ló wé sórí. Ẹnì kan tí yóò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún dúró tì í, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Caleb lorúkọ rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tó ti ń bá àwọn ọmọ kọ fọ́ọ̀mù ilé ìwé òkè òkun, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìyẹn nígbà náà. Wọ́n to àwọn arúgbó méje jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àpò ìrẹsì kan ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo. Caleb á gbé e lé ẹsẹ̀ arúgbó kan, Ọláwùmí á dì í mú lápá kan, kámẹ́rà á dún, wọ́n á sì gbé àpò náà sún mọ́ ẹni tó kàn. Mo dúró lẹ́yìn òpó, mò ń kà á. Ènìyàn méje, àpò kan.

Ẹni tó kẹ́yìn ni Fàúsátù, aládùúgbò wa tó ń ta kẹrosíìnì. O mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kò dùn.

“Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀,” ni Caleb wí. “Ẹ ṣe bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní nǹkan.”

“Ìwọ náà ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fúnni ní nǹkan. Yọwọ́ kúrò lára àpò yẹn!”

“Ó máa tó kàn yín, Màmá. Tó bá yá.”

“Kí ló tún fẹ́ yá? Ìrẹsì yìí ti rìn jù mí lọ láàárọ̀ yìí!”

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Bí fọ́tò ti tán, Caleb gbé àpò náà, ó ń gbé e padà sínú bùútù ọkọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti jáde sí i. Mo fa bánà náà ya kúrò lára òpó kan, mo sì di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ìyàwó mi ṣe. Mo pariwo yàhúù. Ṣọlágbadé, o mọ ohun tí ariwo yẹn ń ṣe ní Èkó. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọkùnrin inú ìsọ̀ káfíńtà ti ń bọ̀, igi wà lọ́wọ́ wọn. Ọláwùmí kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ń ké pé, “Bàbá àgbà, ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni! Ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni o!” Mo nawọ́, mo ní kí àwọn káfíńtà dúró. Kì í ṣe pé mo ti gba ohun tó sọ gbọ́. Mo fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó lù ú.

A wọlé. Caleb ṣàlàyé. Ó ní àwọn ilé ìwé òyìnbó náà kì í wo èsì ìdánwò nìkan. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti parí lójúmọ́: ẹgbẹ́ tó wà, eré ìdárayá tó ń ṣe, àánú tó ń ṣe ní àdúgbò. Ààyè mẹ́wàá ló wà fún un nínú fọ́ọ̀mù. Ti Ọláwùmí ṣófo. Ó ní ìyẹn ni òun fi bá a dá ẹgbẹ́ aláàánú kan sílẹ̀ lórí ìwé, tí wọ́n fi orúkọ Adéníkẹ́ pè, tó ti bọ́ igba opó àti arúgbó. Fọ́tò ni ẹ̀rí.

Mo bi í pé ọdún wo ló kọ pé Ọláwùmí dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

“Ọdún 2021, Bàbá. Ó gbọ́dọ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó lè níyì lójú wọn.”

“Ní ìrántí ta ni?”

“Ní ìrántí Màmá àgbà.”

“Lọ́dún 2021, Màmá àgbà tí ò ń sọ yìí ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé yìí, ó sì ń bú ọmọ yìí láràárọ̀ pé kì í tètè jí. Ta ló ń ṣe ìrántí ẹni tó ń bú u?”

Ó ní òun á yí ọdún náà padà. Ó ní àwọn òyìnbó kò ní wá sí Igbó-Elérin wá béèrè, pé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé ọmọ tó bá sọ òótọ́ ni wọ́n máa ń já sílẹ̀.

Mo yíjú sí Ọláwùmí. Mo sọ̀rọ̀ sí i gan-an, mi ò ní tún un sọ níbí torí pé Tíṣà kò ní fẹ́ kọ ọ́. Mo bi í pé ṣé òkú ìyá rẹ̀ àgbà ló fẹ́ fi wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó sunkún títí, lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

“Bàbá àgbà, kí ni kí n wá kọ? Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ṣe dìbéètì. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ń bá ẹgbẹ́ wọn lọ sí Àgbádárìgì. Ní tèmi, bí aago bá ti lù báyìí, ilé ni mò ń sáré bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mò ń sáré bọ̀ wá ṣe. Ṣé ìyẹn ni kí n kọ?”

Caleb rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá kọ pé òun ń nu ìdí aláìsàn, wọ́n á rò pé iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń wá. Mo lé e jáde. Ṣùgbọ́n mo gba bánà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, mo ká bánà sí abíyá, mo gba Ìbà lọ bá Tíṣà Dorcas, torí mi ò gbà pé ohun tí Caleb sọ ló wà lára rẹ̀. Tíṣà kà á. Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo gbé e fún ọkùnrin kan tó ń ta oògùn lójú ọ̀nà, mo ní kí òun náà kà á. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì kà. Nígbà náà ni mo tó gbà. Tíṣà kò mọ èyí títí di òní yìí tí mò ń pè é fún un kọ. Ó ti ń wò mí láti orí gíláàsì rẹ̀.

Ó wá sí ilé wa lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Ọláwùmí ṣí fọ́ọ̀mù náà fún òun lórí fóònù. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá sọ pé ibì kan wà nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ tí ọmọ bá ń ṣe nínú ẹbí rẹ̀: kó máa tọ́jú aláìsàn, kó máa tọ́ àbúrò, kó máa ṣiṣẹ́ kí ilé lè rí oúnjẹ jẹ. Ó ní wọ́n kà á sí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ka bọ́ọ̀lù sí. Mi ò gbà á gbọ́. Òyìnbó wo ni yóò ka ìtọ́jú aláìsàn sí ohun tí èèyàn fi ń wọ yunifásítì? Mo bi Tíṣà bóyá Caleb ló rán an. Ó ní kí n fún òun ní omi tútù mu, kí n sì jẹ́ kí òun ṣiṣẹ́.

Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè iye wákàtí lọ́sẹ̀ àti iye ọ̀sẹ̀ lọ́dún. Ọláwùmí ní kí wọ́n kọ ọgbọ̀n wákàtí. Tíṣà bi í bóyá ó kà á. Ó ní òun kò kà á, ṣùgbọ́n yóò tó bẹ́ẹ̀. Tíṣà ní irọ́ tó jọ òótọ́ ló burú jù, torí ẹni tó pa á kì í mọ̀ pé òun ti pa á. Ó ní kí ó ronú sí ohun tó lè fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀, bí kò bá sí, kí ó kọ iye tó kéré jù.

Ṣọlágbadé, mo lè dákẹ́ títí Tíṣà yóò fi lọ. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo rò ó.

O mọ̀ pé nídìí iṣẹ́ wa, bíríkìlà tí kò mọ̀wé, èédú ni báírò rẹ̀. Ẹni tó bá ru agbada iyanrìn kan, a ó fa ìlà kan fún un sára ògiri. Bó bá di mẹ́rin, a ó fi ìkarùn-ún dábùú wọn. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú Adéníkẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn dókítà ní a gbọ́dọ̀ máa yí i padà lórí ibùsùn ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, kí ara rẹ̀ má baà jẹrà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Ọláwùmí. Mi ò gbà pé ọmọdé yóò ṣe é kó má yọ́ sá. A pín in: òun ló ni ìdájí, àti láti ìgbà tó bá ti ilé ìwé dé títí di ìgbà tí a bá sùn. Èmi ló ni aago mẹ́sàn-án àti ọ̀sán, nígbà tó bá wà nílé ìwé. Mo sì ń fa ìlà sára ògiri yàrá Adéníkẹ́, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, láti fi ṣọ́ ọmọ náà. Tirẹ̀ lápá òsì, tèmi lápá ọ̀tún. Èyí tó bá ṣe nígbà tí mi ò sí nílé, mi ò fa ìlà fún un, torí mi ò rí i. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ti kọ́bọ́ọ̀dù dí ibẹ̀. Mi ò lè kùn ún lọ́dà, mi ò sì fẹ́ máa rí i.

Mo dìde, mo ní kí Ọláwùmí bá mi ti kọ́bọ́ọ̀dù náà.

Tíṣà fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó kà á títí ọrùn fi ń dùn ún, ó jókòó, ó tún dìde. Apá òsì jẹ́ ẹgbẹ̀je ó lé díẹ̀. Ọláwùmí fọwọ́ kan ibì kan nínú rẹ̀, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn kì í ṣe ti òun, pé òun ń ṣe ìdánwò nígbà náà, Màmá Fàúsátù oníkẹrosíìnì ló bá òun ṣe é tí mo fi fa ìlà rẹ̀ sápá ti òun, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n yọ ọ́. Tíṣà ṣírò rẹ̀, pẹ̀lú wíwẹ̀ àti fífún lóúnjẹ, ó já sí wákàtí méjìdínlógún lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́tàdínlógún. Ọmọ náà fẹ́ sọ pé ti ọ̀sán kò sí níbẹ̀. Tíṣà ní ohun tí ògiri bá sọ nìkan ni àwọn máa kọ.

Lẹ́yìn náà ló wo apá ọ̀tún. Kò pẹ́ tó fi kà á tán. Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni. Ó yẹ kó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Ó ní, “Bàbá, ti ta ni èyí?”

Mo ní, “Tèmi ni.”

“Níbo lẹ wà ní àwọn ọjọ́ tó kù?”

Mo sọ fún un. Ajangbadi ni mò ń lọ, ìsọ̀ ẹnì kan tó ń ta páànù ni mo ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mi ò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Mi ò mutí, mi ò tẹ̀ lé obìnrin. Mo kàn jókòó. Ọwọ́ tí mo fi gbé búlọ́ọ̀kù láti ìgbà èwe mi kò lè gbé obìnrin yẹn. Bí mo bá ti sún mọ́ ibùsùn, yóò fi ojú kan tó ń ṣiṣẹ́ wò mí, ojú náà yóò máa bi mí ní nǹkan, n ó sì jáde. Láti bí aago méje tí ọmọ bá lọ sí ilé ìwé títí ó fi dé, lórí ẹ̀gbẹ́ kan náà ni àbúrò rẹ wà.

Ọláwùmí kò gbójú sókè. Ó ní, “Mo mọ̀, Bàbá àgbà. Mo mọ̀ látìgbà yẹn.”

Mo ní, “Kí ló dé tí o kò sọ?”

Ó ní, “Ta ni kí n sọ ọ́ fún?”

Tíṣà ní ilé ìwé náà gba kí àgbàlagbà kan nínú ilé kọ̀wé láti jẹ́rìí sí ohun tí ọmọ kọ. Mo pè é fún un, ó kọ ọ́ ní èdè òyìnbó, ó kà á fún mi ní Yorùbá, mo tẹ̀ka sí i. Mo sọ níbẹ̀ pé ọmọ yìí ló tọ́jú ìyá rẹ̀ àgbà, pé ọkọ obìnrin náà wà nínú ilé, kò sì ṣe é. Tíṣà ní kò pọn dandan kí n dárúkọ ara mi. Mo ní bí mo bá yọ ara mi kúrò, ẹni tó bá ka ìwé náà yóò bi ara rẹ̀ pé àgbàlagbà wà nílé yẹn, kí ló wá ń ṣe tó fi jẹ́ pé ọmọ kékeré ló ń gbé aláìsàn? Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń kà á, ohun tí n ó bi nìyẹn, n ó sì sọ pé irọ́ ni. Tíṣà sì kọ ọ́.

Fọ́ọ̀mù lọ ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kejìlá. Ọláwùmí fi ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó wà kí àìsàn náà tó dé kún un, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fi í sílẹ̀ ní ọdún 2022. Ààyè méjì ló kún, mẹ́jọ ṣófo. Caleb gbọ́, ó dúró ní ojú títì, ó pariwo sí mi pé, “Bàbá, mẹ́jọ ṣófo o! Ẹ ti ba ti ọmọ yìí jẹ́!” Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ìparí oṣù kẹta ni wọ́n ní èsì yóò jáde. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé àwọn òyìnbó náà, mi ò sì mọ irú ojú tí wọn yóò fi ka lẹ́tà arúgbó tó tẹ̀ka. Bí wọn kò bá mú un, èmi ni Ọláwùmí yóò máa wò láti ìdí ilẹ̀kùn bí ẹni tó ba tirẹ̀ jẹ́, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó ti kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó ku tìrẹ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, o dìde láàárín gbogbo ẹbí yín, o gbé ọwọ́ mi sókè. O ní kí àwọn ọ̀dọ́ wá wo ọkọ. O ní ọwọ́ yìí ló gbé àbúrò òun fún oṣù mẹ́tàdínlógún. Àwọn obìnrin yín wá ń dì mọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbà á. Oṣù mẹ́wàá ni mo ti ń gbà á, nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ti ọ̀dọ̀ yín wá.

Ìyàwó rẹ wà lára àwọn tó wẹ òkú. Ó rí ọgbẹ́ tó wà ní ìbàdí Adéníkẹ́, ó sọ fún ọ, o sì pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan láti bi mí. Mo sọ fún ọ pé ilé ìwòsàn ló ti ọgbẹ́ náà bọ̀, pé àwọn nọ́ọ̀sì kò bìkítà. O bú àwọn nọ́ọ̀sì náà, mo sì bá ọ bú wọn. Irọ́ ni. Ilé yìí ni ọgbẹ́ náà ti yọ, lápá ibi tí mo fi í sílẹ̀ sí. Ọláwùmí ló ń wẹ̀ ẹ́ lálaalẹ́. Mi ò sọ pé ọgbẹ́ náà ló pa á. Mi ò sì sọ pé òun kọ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi kí àwọn ọmọ, bá mi kí àwọn àgbà ilé yín tí wọ́n fún mi ní àga jókòó. Ọláwùmí ní kí n kí ọ. Tíṣà náà kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n. Bí o bá fẹ́ wá, mo wà nílé. Bí o kò bá wá, mi ò ní béèrè ìdí. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn tí kò mọ orúkọ Adéníkẹ́ rí, lẹ́yìn òkun lọ́hùn-ún, ti gbọ́ òótọ́ yìí lẹ́nu mi ṣáájú rẹ ní ọjọ́ mẹ́fà.

Èmi náà ni, ọkọ àbúrò rẹ,

Gbádégẹṣin
(Àtẹ̀ka mi nìyí.)